Àkísà Ọjọ́ Mẹ́sàn-án

Irọ́ kan ṣoṣo ni ìyá mi pa nínú oṣù kejì ọdún yẹn,
lórí fóònù ilé ìdáná, ó kẹ̀yìn sí mi:
"Ó wà ńlẹ̀, Verlin. Mo ti fọ̀ ọ́. Ó wà lórí okùn."
Okùn wo? Yìnyín ti bo okùn ní Montana.
Àlùmọ́gàjí nọ́ọ̀sì ti la ṣòkòtò náà láti ìbàdí dé kókósẹ̀
lálẹ́ ọjọ́ tí ẹṣin gbé bàbá mi ṣánlẹ̀ lẹ́bàá géètì.
Wọ́n kó o dànù pẹ̀lú báńdéèjì.
Ọdún mọ́kànlá ló fi wọ̀ ọ́.

Kò béèrè ẹṣin. Kò béèrè mi.
Ní alaalẹ́: "Ṣòkòtò mi ńkọ́?"

Ìyá mi wakọ̀ lọ sígboro, ó ra tuntun,
jíìnsì tó gan bí awọ gbígbẹ,
tó ń dá dúró létí tábìlì láìsí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀,
aró rẹ̀ dúdú bí ojú ẹni tí ìyà ò tíì jẹ rí.
Bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà,
kò lè lákìísà tó ti àgbà.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni dókítà fún wa
tí a ó fi wá àkísà.

Ìyáàfin Skaar, aládùúgbò wa, ní ká fi iyọ̀ rẹ ẹ́,
pé iyọ̀ ló ń ṣí aró nídìí.
Iyọ̀ dè é mọ́lẹ̀ ni. Odidi ọjọ́ méjì ṣòfò.

Ó wá jí sánpépà nínú àpótí irinṣẹ́ bàbá mi.
"Wọ̀ ọ́," ó ní. "Jókòó."
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mo di ìtan bàbá mi.
"Kì í jókòó báyẹn. Na tọ̀tún. Tẹ̀ síwájú díẹ̀,
bí ẹni tó fẹ́ dìde tí kò dìde."
Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí aṣọ ti ká,
ó ní kí n bọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha.

Orúnkún òsì nìkan: òun ló ń kúnlẹ̀ lé
bó bá fẹ́ wo pátákò.
Ó fi irin tí a fi ń rin wàràkàṣì rin ín
títí òwú funfun fi yọ eyín.
Ó ti agolo áṣáà sí àpò ẹ̀yìn,
ó fi òkúta ìfọsẹ̀ ra á, ra á,
òbìrìkìtì kan là síbẹ̀ bí òṣùpá ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún.
Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ta bílíìṣì sí i,
ẹ̀kán kan síbí, ẹ̀kán kan sọ́hùn-ún.
Ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀,
ó wọ́ ọ lọ dé ìdí àpótí lẹ́tà, ó wọ́ ọ bọ̀.
Àwọn màlúù ń wò wá.

N ò mọ̀ pé ènìyàn lè há ènìyàn sórí báyẹn.
Ìyá mi, tí kì í wò ó lójú bí wọ́n bá ń jẹun.

Bàbá mi dé pẹ̀lú ọ̀pá méjì, ó ti gbẹ.
Ó wọ ṣòkòtò náà. Ó fọwọ́ pa ìtan.
Ó wo orúnkún. Kò sọ nǹkan kan.
Ó wá ju sílè sínú àpò ọ̀tún,
ó dúró, ó dẹtí,
ó ń retí kí ó gba inú ẹsẹ̀ ṣòkòtò jábọ́ sínú bàtà
bó ti ń jábọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń jà lórí ihò yẹn.
Kò jábọ́.
"O rán an," ni bàbá mi wí.
"Mo rán an, kẹ̀," ni Darlys ìyá mi wí.
Ṣùgbọ́n oṣù kẹta ti wọlé nígbà náà.

Lóru, mo bá a nídìí sítóòfù,
ó yí àpò síta, ọ̀bẹ kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀,
ó ń ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́,
bí ẹni tó ń parí iṣẹ́ oníṣẹ́.

Ní òwúrọ̀, owó dún lórí pákó ilé.
Ìyá mi gbọ́.
Ó ń fọ abọ́. Ó ń fọ abọ́ rẹ̀ lọ.